Ẹ Bá Mi Sọ fún Ọmọ Sábẹ̀ Yẹn Kó Má Tíì Ta Irin Rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọmọ Kétu ni mí, obìnrin ni mí, ẹni ọdún 56. Láti ọdún 1985 ni mo ti wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe níbẹ̀ ni kí n máa fín ọnà àti orúkọ sára fàdákà, wúrà, idẹ àti bàbà. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè wá ní graveur. Láàárín àwa fúnra wa, a kàn ń sọ pé a ń fín in ni, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá.

Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde lóṣù tó kọjá, ẹ kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ fọ̀rọ̀ wá ọmọkùnrin kan lẹ́nu wò ní Sábẹ̀, ẹni tó lo ọdún méjì lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan kó tó kúrò níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n. Bí òun bá fẹ́ fín ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, irin tí òun fi ń fín in á ṣàdédé yọ̀, á sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró, iṣẹ́ á bàjẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé wọn ò bí iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà wá fi kún un nísàlẹ̀ pé ẹ̀bùn àbímọ́ ni iṣẹ́ fínfín, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n nìkan ló lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi parí ni pé òun ń wá ẹni tí yóò ra irin iṣẹ́ òun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀, oorun ò sì kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ọmọ yẹn ló ń yọ̀, irin rẹ̀ ni kò mú. Ẹni tó yẹ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin kò kọ́ ọ, wọ́n wá gbé ẹ̀bi ka ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n. Ẹ gbé ife kọfí lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀, ẹ ó rí bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń mì. Síbẹ̀, lóṣù yìí kan náà, mo fín orúkọ méjì àti ọjọ́ ìgbéyàwó sínú òrùka tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 4 lọ, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kò ga tó mìlímítà 2. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé nígbà tí mo bá ń fín, ọwọ́ mi méjèèjì àti iṣẹ́ náà ti di ohun kan ṣoṣo. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi fara ti iṣẹ́, ọwọ́ òsì di iṣẹ́ náà mú, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sì fẹ̀yìn lé tábìlì. Bí ara mi bá mì, irin àti òrùka á jọ mì pọ̀, ìlà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí Mọ́ṣáláṣí Ńlá, èyí tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, tó jẹ́ pé bí àlejò bá rí i lókèèrè, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa pè é. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé bó bá di ọjọ́ kejì, n óò ti máa fín òdòdó sára ẹ̀gbà. Òkúta ìpọ́nrin ló gbé fún mi, pẹ̀lú ìgò òróró kékeré kan àti irin mẹ́ta tó ti kúnu. Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fọwọ́ kan fàdákà. Máa pọ́n ọn. Mú un wá kí n wò ó. Lọ fi bàbà pa ẹnu rẹ̀, kí o tún un pọ́n. Mo sunkún. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Kétu pé wọ́n ti sọ mí di apọ́nrin, pé n ò rí ẹni kọ́ mi ní fínfín. Ìyá mi ní kí n dúró.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gba ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àbímọ́ yẹn. Albrecht Dürer, tí wọ́n bí lọ́dún 1471 ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, ẹni tí ayé ṣì ń wo àwòrán tó fín sára bàbà títí dòní, ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ wúrà sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n jókòó tì í ni. Wọ́n kọ́ ọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irin náà, nítorí ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé ọ̀bẹ lásán ni. Burin ni orúkọ rẹ̀ lédè Faransé. Irin líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ, ó ní èèkù igi róbótó tó dà bí olú, èèkù yẹn ló sì máa ń wọ àárín àtẹ́lẹwọ́. A gbọ́dọ̀ pọ́n ojú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ pọ́n abẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni a ń gé ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí ìwọ̀n dígíríì 45. Bó bá jẹ́ ohun líle bí inox, ìyẹn irin tí kì í dípẹtà, ni a fẹ́ fín, a lè mú un dé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ṣóńṣó má baà tètè kán. Èyí kò ṣòro. Abẹ́ rẹ̀ ló ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Nísàlẹ̀ ikùn irin náà, ní ìdí ṣóńṣó gan-an, ojú kéékèèké méjì kan wà tí a ń pọ́n kí ẹ̀yìn irin lè gbéra díẹ̀ kúrò lára iṣẹ́, bí dígíríì 15 sí 20. Talon ni àwọn Faransé ń pè é. Gìgísẹ̀ ni àwa ń pè é. Fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, gìgísẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ gùn ju ìdajì mìlímítà lọ. Ohun tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí yìí ló ń pinnu bóyá irin yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Bí kò bá sí gìgísẹ̀, irin á máa rì bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí o ṣe ń tì í ló ń wọlé sí i, o ò sì ní rí àyè gbé ọwọ́ rẹ sókè kó lè jáde. Bí gìgísẹ̀ bá gùn jù, ìlà tó tọ́ á lọ dáadáa, inú rẹ á dùn, àmọ́ bí o bá ti dé kọ́nà, ìdí gìgísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fara ha ògiri ìlà lápá òde, ibi tó yẹ kó dán á di hàràhàrà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju ìkejì lọ, irin á máa fà sápá kan bíi kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣàlàyé èyí fún á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ tìyanu-tìyanu.

Èyí tó burú jù ni ṣóńṣó tó ti kúnu. Irin tó mú máa ń gbé fàdákà jáde ní èépá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ká bí irun orí wa, ìlà tó fi sẹ́yìn á sì máa kọ yẹ̀rì. Irin tó kúnu kì í jẹ fàdákà, ó ń gun orí rẹ̀ ni. Bó bá tiẹ̀ jẹ ẹ́, á ta etí ìlà sókè lọ́tùn-ún lósì, tí yóò máa kọ́ ni lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Ìwọ á wá fi agbára kún agbára, èjìká á dá sí i, gbogbo agbára yẹn á kó jọ sẹ́yìn ṣóńṣó tí kò ríbi wọ̀. Lójijì, á já. Ibi tó bá já sí, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìyẹn ni ọmọ Sábẹ̀ yẹn ń pè ní ọwọ́ gbígbọ̀n.

Eékánná àtàǹpàkò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n máa fi dán irin wò. Gbé ṣóńṣó lé orí eékánná ní ìdagẹ̀rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́, kàn jẹ́ kó fara lé e. Bó bá dúró, ó mú. Bó bá yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí òkúta etí odò, padà sídìí òkúta rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, kí o fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ṣóńṣó tó mú kò ní àyè tí ìmọ́lẹ̀ lè jókòó sí. Bí o bá rí àmì funfun kan níbẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ó ti kán nìyẹn.

Mo mọ àmì funfun yẹn dáadáa. Ní ọdún kejì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, ẹbí kan gbé ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà kan wá, ti ìyá wọn tó ti kú, wọ́n ní kí a bá wọn fín orúkọ ìyá náà sí i. Owó fàdákà àtijọ́ ti Faransé, fàránkì 5, ni wọ́n yọ́ fi ṣe ẹ̀gbà náà láyé àwọn bàbá wọn. Ẹyọ kan owó yẹn wọn gíráàmù 25, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì jẹ́ fàdákà, nítorí náà ó le díẹ̀ ju fàdákà tí a ń rà báyìí lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Láti àárín orúkọ náà ni irin mi ti ń wúwo lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀, mo sì ń tì í. Lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó já, ó fa ìlà gbọọrọ kan gba ara orúkọ náà kọjá, ó sì wọ ìka ìtọ́ka ọwọ́ òsì mi, nítorí mo fi ìka yẹn síwájú irin, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe láéláé. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Mo fi àkísà di ìka, mo mú irin dídán tí a fi ń pa ojú ìlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, mo ń fà á, títí ìlà náà fi parẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ ti jinkòtò. Bí o bá gbé ẹ̀gbà náà sí oòrùn, wàá rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́po níbẹ̀ bí ojú omi tí wọ́n sọ òkúta sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò nà mí, kò bú mi. Irin ló ní kí n gbé wá. Ó gbé e síwájú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n wò ó. Àmì funfun wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sílé ẹbí náà láti bẹ̀ wọ́n. Ìyá àgbà kan tó wà níbẹ̀ fi ìka rẹ̀ pa ojú kòtò náà lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan, ó wá so ẹ̀gbà náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá jókòó ti òkúta tí ó rẹ̀ mí, ìka ìyá yẹn ni mo máa ń rántí.

Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi báyìí yàtọ̀ díẹ̀. Wọn kì í fẹ́ jókòó ti òkúta. Wọ́n á gbé irin lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin mọ́ irin, wọ́n á fi ẹ̀rọ lọ ṣóńṣó rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, iná á máa ta pàràpàrà. Nígbà tí wọ́n bá fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ṣóńṣó ti di àwọ̀ aró. Àwọ̀ aró yẹn ń sọ fún ọ pé ooru ibẹ̀ ti dé nǹkan bíi dígíríì 300, pé líle tí alágbẹ̀dẹ fi iná àti omi fún irin náà ti bá ooru lọ. Pọ́n ọn títí, kò ní mú ju ìlà mélòó kan lọ. Àfi ká gé gbogbo ibi tó ti yí àwọ̀ kúrò, ká tún bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta, pẹ̀lú òróró, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lo ẹ̀rọ, kó fi ìka kan sún mọ́ ṣóńṣó, kí omi sì wà nítòsí. Bí ooru bá ti ta ìka, kó ki irin bọ omi. Oríṣi irin kan wà lóde òní tí ooru kì í tètè ṣe ní nǹkan, irin ìfín tí wọ́n fi kábáìdì tungsten ṣe náà sì wà, tó le ju gbogbo wọn lọ. Àmọ́ kábáìdì kò fẹ́ kí a lọ́ òun. Bí o bá yí ọwọ́ nígbà tí ṣóńṣó ṣì wà nínú ìlà, kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán, òkúta lásán kò sì lè pọ́n ọn, àfi èyí tó ní dáyámọ́ńdì lójú.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí o bá fẹ́ kí inú ìlà rẹ dán bíi dígí, ojú irin àti gìgísẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán bíi dígí. Gbogbo hàrà tí òkúta bá fi sílẹ̀ lára irin ni irin yóò dà kọ sára fàdákà. Mo máa ń fi awọ àti ìpara ìdán parí tèmi. Ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ ìdán yí ojú iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti fín in tán, kó mọ̀ pé òun ń pa iṣẹ́ ara òun ni, nítorí etí ìlà tó mú, tó ń jẹ́ kí òdòdó yọ sójú, á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí ohun tí wọ́n ti wọ̀ fún ogún ọdún. Ká kọ́kọ́ dán an, ká tó fín in.

Lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fúnra rẹ̀, irin kì í yí. Iṣẹ́ ló ń yí. Mo ní tìmùtìmù awọ róbótó kan tí mo rọ iyanrìn kún, orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ń jókòó sí. Bí mo bá fẹ́ fín kọ́nà ewé, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, ọwọ́ òsì ló ń yí fàdákà wá pàdé irin. Ẹ wo afíngbá, igbá ló ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń ti irin, kì í ṣe èjìká, àtàǹpàkò sì ni bíréèkì. Kí ìlà jinlẹ̀, ẹ má fi agbára wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ojú fàdákà bá ń dán jù tí àwòrán kò hàn, ẹfun díẹ̀ tí a pò mọ́ omi ni mo fi ń pa á, kí n tó fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí mo fẹ́ fín, kí n sì fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ bá yín tún ṣe nínú àpilẹ̀kọ yẹn. Ẹ kọ pé iṣẹ́ kan náà ni èyí àti edan Ògbóni. Rárá o. Edan, ìda ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ìda ni wọ́n ń ya ìlà sí nígbà tó ṣì rọ̀, kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, kí ìda tó yọ́ jáde, kí idẹ gbígbóná tó rọ́pò rẹ̀. Láyé àwọn ọba Dàhómì, àwọn alágbẹ̀dẹ ọba ní Àgbómẹ̀ ní tiwọn a máa fi òòlù lu fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo igi. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì, n kò sì lè ṣe wọ́n. Àmọ́ tiwa, gígé ni. Fàdákà tí irin bá ti gbé jáde kò ní padà síbẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnu irin fi jẹ́ gbogbo nǹkan fún wa.

Ẹ tún kọ pé ẹ̀rọ lẹ́sà, èyí tó ń fi ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ kọ nǹkan, ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nọ́ńbà sára ọgọ́rùn-ún kọ́kọ́rọ́, kó lọ sídìí lẹ́sà, èmi náà á júwe ibẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì gbé ẹ̀gbà tí wọ́n kàn fi omi wúrà pa lójú wá, èmi gan-an ni mo máa ń dá a padà, nítorí bí irin bá ti wọlé, idẹ abẹ́ rẹ̀ á yọjú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fi lẹ́sà ṣe nílùú yìí, jíjó ojú irin ni. Irin ìfín ń gé ìlà tó ní ògiri méjì, ìmọ́lẹ̀ á máa kọ yẹ̀rì láti ọ̀kan sí èkejì bí òrùka ṣe ń yí lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni orúkọ wa. Ní ọdún tó kọjá, ọkọ àti ìyàwó kan gbé òrùka wọn wá bá mi, wọ́n ti fín wọn níbòmíràn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ "Ìfẹ́ wa" sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "Ife wa". Ife tí a fi ń mu omi! Ìyàwó náà ń sunkún nínú ìsọ̀ mi. Mo ti rí "Ayọ̀" tó di "Ayo", bí ayò tí àwọn àgbà ń ta lábẹ́ igi. Ẹ̀rọ àwọn tó ń fi Faransé ṣiṣẹ́ ní àmì orí é àti è, kò ní àmì abẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n di gbogbo ẹ̀bi lé ẹ̀rọ lórí, nítorí àwa tí a ń fọwọ́ fín in náà ń ṣe é. Ohun tó ń fà á ni pé a ti ya àwọn lẹ́tà náà kún gbogbo ojú òrùka láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà tí a bá máa rántí àmì abẹ́, etí òrùka ti dé, kò sí àyè mọ́. Kí a tó ya lẹ́tà kan ṣoṣo, ìlà tí lẹ́tà yóò dúró lé lórí ni ká kọ́kọ́ gbé sókè, ká fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún àmì, ká sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn. Bí àyè kò bá tó, kí lẹ́tà kéré sí i. Lẹ́tà ló yẹ kó fún àmì láyè.

Àmì abẹ́ yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi òòlù lù, èyí tó ń mú kí ẹ̀yìn òrùka wú. Ẹ gbé irin ẹlẹ́nu róbótó sójú ibẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá yí iṣẹ́ náà po lẹ́ẹ̀kan. Èépá kékeré kan á jáde, kòtò tó mọ́ tónítóní á wà níbẹ̀. Àmì ohùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó máa jinlẹ̀ bó ṣe ń lọ, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ sì bi oníbàárà léèrè bóyá ẹ, ọ tí wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà ló fẹ́ àbí ɛ, ɔ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Méjèèjì dára, ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹ fín. Àlàfo àárín lẹ́tà, ojú ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe rúlà. A àti V tó bá dúró tira wọn máa ń dà bí ẹni pé wọ́n jìnnà síra, bí rúlà bá tiẹ̀ ní wọ́n dọ́gba.

Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọmọ Sábẹ̀ yẹn ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó má tíì ta irin rẹ̀. Kí ó wá bàbà pẹlẹbẹ kan tó nípọn tó mìlímítà 1 tàbí 2, kí ó má ṣe fọwọ́ kan fàdákà fún ìgbà díẹ̀. Kí ó máa fa ìlà tó tọ́ sí i, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ó kún ojú bàbà náà, kí ó yí i sẹ́yìn, kí ó tún kún un. Bí ó bá ti rí i pé òun ń tì í ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kó lọ sídìí òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà mẹ́ta péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Kì í ṣe àṣejù. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí èmi ń pọ́n irin lóòjọ́ bí mo bá ń ṣe iṣẹ́ tó ṣòro.

Bó bá lè wá sí Àjàṣẹ́, kó máa bọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ń ṣí ìsọ̀, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń sinmi, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì ti gbówó lórí. Bí kò bá lè wá, kó kó irin náà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Àdírẹ́sì mi wà lẹ́yìn àpò lẹ́tà yìí, ẹ fún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi á pọ́n mẹ́ta nínú wọn, n óò wé ṣóńṣó wọn sínú ìda kí wọ́n má baà kán lójú ọ̀nà, n óò sì fi bàbà kan tí mo ti fa ìlà sí kún un. Kí ó kọ́kọ́ fi eékánná dán wọn wò, kí ó tó gbé wọn lé ohunkóhun.

Èmi ni,
Ìyá Onífàdákà,
Àjàṣẹ́, Porto-Novo.